Ìwé ìtàn wo ni kí n rà fún ọmọ ọdún 14? Àwọn tí a kà léṣìí, àti ìjà tó bá wọn wọlé

Ìbéèrè

Àǹtí, ẹ ti ń pariwo ìwé kíkà tipẹ́. Ọmọ mi obìnrin máa pé ọdún 14 lóṣù tó ń bọ̀. Manchester la wà, fóònù ló sì ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ra *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti Fágúnwà fún un léṣìí, kò kà kọjá ojú ìwé kejì. Ó ní òun ò mọ ohun tí bàbá yẹn ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ìwé ìtàn mẹ́ta nínú àwọn tí ẹ kà láti bí ọdún kan, èyí tí ọmọ ọjọ́ orí ẹ̀ á kà tán láìjẹ́ pé mo mú pàṣán dúró tì í. Mi ò fẹ́ ìwé oníwàásù o, ìyẹn ti kún ilé. Bàbá ẹ̀ sì ti ní òun ò fẹ́ rí ìwé òrìṣà kankan.

* * *

Mẹ́ta nìyí kí n tó máa rojọ́ lọ: *Skin of the Sea* tí Natasha Bowen kọ, *Akata Witch* ti Nnedi Okorafor, àti *Ace of Spades* ti Faridah Àbíké-Íyímídé. Òrìṣà kún inú àkọ́kọ́ bámúbámú. Oògùn àti iwin ló wà nínú èkejì. Ẹ̀kẹta ò ní òrìṣà, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ lè ní ẹjọ́ mìíràn láti bá a rò. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ rèé. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń péjọ sí pálọ̀ mi n'Íbàdàn níbí. Mẹ́fà ni wọ́n, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 12, àgbà wọn ti pé 17. Kì í ṣe lẹ́sìnnì, ẹnikẹ́ni ò sanwó. Ìwé la jọ ń kà, a ń fi zobo àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tì í. A bẹ̀rẹ̀ ìwé mẹ́sàn-án léṣìí, a parí márùn-ún. Mẹ́rin tó kù, wọ́n pa á tì, mi ò sì lé wọn padà sídìí ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn ìwé: ṣé wọ́n jà lé e lórí? Ìwé tí gbogbo wọn bá kà tán, tí wọ́n ní "ó dùn, Mà," tí wọ́n wá nawọ́ sí àwo pọ́ọ̀fù, mo mọ̀ pé ìwé yẹn ti kú nìyẹn.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ fèsì sábẹ́ ìbéèrè yìí, ẹ wo bí ẹ ṣe dà sórí ọmọ ọlọ́mọ! Mo ka èsì yín tán. Ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú yín ń sọ ò ju pé ọmọ ìwòyí ò ní sùúrù, pé nígbà tiyín, pírámárì lẹ ti ka Fágúnwà tán. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí ìyá ọmọ gba fóònù kó fi *Igbó Olódùmarè* rọ́pò ẹ̀.

Mi ò gbà. Èmi náà "ka" Fágúnwà ní kékeré, ṣùgbọ́n ká má parọ́ fúnra wa, tíṣà ló kà á sí wa létí. Ọ̀sán Jímọ̀ ni, lẹ́yìn tí a bá ti gbá kíláàsì. Bàbá yẹn a máa yí ohùn padà, a máa fọwọ́ lu tábìlì nígbà tí Àkàrà-Ògùn bá pàdé Àgbákò, àwa a sì máa rún mọ́ra wa. Nígbà tí mo wá dàgbà tó láti ṣí ìwé náà fúnra mi, ohùn ọkùnrin yẹn ti wà nínú ẹ̀ dè mí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Manchester wá ṣí Yorùbá ọdún 1938 láìsí ohùn ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀, ibo ló fẹ́ gbé e gbà? Ẹ kọ́kọ́ kà á sí i létí ná. Bí kò bá fẹ́ràn ẹ̀ lẹ́yìn orí kìíní, ẹ fi sílẹ̀, ìwé kì í bàjẹ́ lórí pẹpẹ.

Ní ti ọ̀rọ̀ òrìṣà, mo fẹ́ bi bàbá ọmọ ní ìbéèrè kan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. *Ògbójú Ọdẹ* tó wà nílé yín yẹn, ṣé wọ́n mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iwin ló ń bá iwin lò nínú ẹ̀? Ilé ìtẹ̀wé CMS, ti ìjọ Áńgílíkà, ló sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Fágúnwà fúnra ẹ̀, tíṣà onígbàgbọ́ ni. Bí àwọn míṣọ́nnárì ayé ọjọ́un bá lè fi owó ìjọ ra tàdáwà tẹ ìwé iwin, mi ò rí ìdí tí Yemọja fi máa lé ẹnikẹ́ni kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Manchester. Ṣùgbọ́n ilé yín ni, èmi ò sí níbẹ̀.

* * *

Ó yá, *Skin of the Sea*. Ọdún 2021 ló jáde. Òǹkọ̀wé náà ní ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà àti ti Wales, ìlú Òyìnbó ló sì ń gbé. Ọmọbìnrin inú ẹ̀ ń jẹ́ Sìnmídélé (wọn ò fi àmì sí i nínú ìwé, èmi ni mo fi sí i). Yemọja sọ ọ́ di ẹni tó ní ìrù ẹja. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ju òkú ẹrú sínú òkun láti inú ọkọ̀ Òyìnbó, òun ló máa gba ẹ̀mí olúwa ẹ̀, á súre fún un, á sì bá a wá ọ̀nà ilé. Ẹ tún orúkọ yẹn pè, kí ẹ wá wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọmọ tó kéré jù láàárín wa ló kọ́kọ́ fura, ó pariwo, "Sìn mí dé ilé!" Gbogbo pálọ̀ dákẹ́ wẹ́lo.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ju ọmọkùnrin kan sómi tí kò tíì kú, Sìnmídélé sì gbà á là. Èèwọ̀ ni. Gbèsè ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń san dé ìparí.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 yẹn ní òǹkọ̀wé ti tàsé, pé Odò Ògùn ni Yemọja ní, pé Olókun ló ni òkun. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé náà ló sọ bẹ́ẹ̀ náà nínú èsì yín, ẹnì kan ní "àṣà wa ni wọ́n ń bà jẹ́ fún Òyìnbó." Ẹ rọra. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun, ọ̀nà wo ni Odò Ògùn fẹ́ gbà bá wọn dé ọ̀hún? Òkun ló kù tí wọ́n lè máa bá sọ̀rọ̀. Ní Salvador, ní Brazil, títí di òní, 2 oṣù Kejì ni wọ́n ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ fún Iemanjá létí òkun ní Rio Vermelho. Ní Cuba, Yemayá ni wọ́n ń pè é, òkun náà ni ilé ẹ̀. Ìtàn inú ọkọ̀ ẹrú ni ìwé yìí ń sọ, Yemọja tó sì bá àwọn èèyàn yẹn dé ọ̀hún ni wọ́n kọ sínú ẹ̀. Olókun náà sì wà níbẹ̀, wọn ò gbàgbé ẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ rí ipò tí wọ́n fi í sí.

Ọmọkùnrin kan nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìyá àgbà tó ń gbé ní Pópó Yemọja níbí. Ó ní òun máa gbé ẹjọ́ náà lọ bá wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì ló mú èsì bọ̀. Màmá ní, "Omi ni Yemọja. Ta ló sọ fún yín pé omi ní ẹnubodè?" Ọmọ ọdún 17 ò tíì gbà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ọ̀nà Bahia gan-an, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà ní Brazil, láìsí ìrù ẹja, Ayesha Harruna Attah tó jẹ́ ọmọ Ghana kọ *The Deep Blue Between*. Àwọn ìbejì méjì, Hassana àti Husseina, ni àwọn akónilẹ́rú ya nípa. Ọ̀kan nínú wọn gba Èkó dé Bahia. Ìwé jẹ́jẹ́ ni, ìjà inú ẹ̀ ò pọ̀. Èmi nìkan ni mo parí ẹ̀.

* * *

Àwọn kan ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò dárúkọ *Children of Blood and Bone*, ṣebí òun ni gbogbo ayé mọ̀. A kà á. Ó lé ní ojú ìwé 500, ọ̀sẹ̀ méje gbáko ló gbà wá. Tomi Adeyemi kọ ọ́, 2018 ló jáde, méjì mìíràn sì ti tẹ̀ lé e, èyí tó kẹ́yìn jáde ní 2024. Eré ìjà inú ẹ̀ dùn, Zélie ń gun kìnnìún oníwo bí ẹni gun ọ̀kadà. Ọba kan ti pa gbogbo àwọn tó ní agbára, ìyá Zélie wà nínú wọn, ọmọ fẹ́ gba agbára náà padà. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń pe ọfọ̀. Àwọn ọmọ mi ń pe ọfọ̀ yẹn mọ́ pọ́ọ̀fù kó má tán.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Ìlọrin inú ìwé yẹn, etí òkun ló wà. Lórí omi ni wọ́n kọ́lé sí, iṣẹ́ apẹja ni wọ́n ń ṣe.

Bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọmọ Ìlọrin ni. Ọmọ náà dìde dúró. "Mà, Odò Asà la ní! Òkun wo?" Ó bínú débi pé ó lọ gbé átílásì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá, ó sì fi rúlà wọn ibi tí Ìlọrin wà dé etí òkun. Ọmọ tí mo ti ń bẹ̀ láti ọdún kan pé kó wo àwòrán ilẹ̀! Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ìlú tó wà nínú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, Èkó, Ṣókótó, Ìbàdàn, ó ń kọ "irọ́" tàbí "òótọ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Tèmi ni àmì méjì tó wà lórí *i* nínú "Orïsha". Ojú ń ro mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí i. Yorùbá ò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohùn tó ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ilẹ̀ mìíràn ló dá sílẹ̀ nínú ìwé, kì í ṣe tiwa, ó tọ́, mo ti gbọ́ ẹjọ́ yẹn. Kó wá dá orúkọ mìíràn sílẹ̀ fún un nígbà náà.

Ohun tó mú mi rọ̀ díẹ̀ ni pé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí òǹkọ̀wé yìí sí. Lẹ́yìn tó ṣe tán ní Harvard, Salvador tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló lọ láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn àti ẹ̀sìn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọmọ Adéyẹmí gba Brazil lọ kọ́ òrìṣà. Ta ni ká bínú sí níbẹ̀, ọmọ ni àbí àwa tí a ò kọ́ ọ nílé? Nínú ọ̀rọ̀ tó kọ sẹ́yìn ìwé, ó sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá ń yìnbọn pa ní Amẹ́ríkà wà lọ́kàn òun nígbà tóun ń kọ ọ́. Bí ẹ bá fi ojú yẹn kà á, ẹ ò ní máa wá Ìlọrin nínú ẹ̀ mọ́. Ọmọ Ìlọrin wa ò tíì fi ojú yẹn kà á.

Ìdí tí mi ò fi dárúkọ ẹ̀ ni pé ó gùn. Ọmọ tó sá fún ojú ìwé kejì, mi ò ní gbé 500 lé e lórí.

* * *

Ibi tí ẹ ti máa rí wọn: ẹ̀yin tó wà ní Manchester, ẹ má náwó. Ẹ bá ọmọ gba káàdì ilé ìkàwé ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, bí ìwé náà ò bá sí nílẹ̀ ẹ ní kí wọ́n bá yín wá a. Àwa tí a wà nílé ni ká sunkún. Owó tí mo fi ra *Skin of the Sea* ní tuntun tó ra àpò sẹ̀mó. Ẹ wo àwọn tó ń ta ìwé tòkúnbọ̀ lẹ́bàá títì, wọn ò mọ èyí tó gbajúmọ̀, iye kan náà ni wọ́n ń ta gbogbo ẹ̀. Ẹ má wá nǹkan kan lórí ìkànnì OkadaBooks mọ́, wọ́n ti kógbá sílé láti 2023.

Ẹni tó ní òun ní gbogbo ẹ̀ ní PDF, pé ká fi nọ́ńbà WhatsApp sílẹ̀: rárá o. Òǹkọ̀wé náà ń jẹun. (Mi ò ní parọ́, èmi náà ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí èèyàn rí. Ìtìjú ẹ̀ ò tíì kúrò lára mi.)

Ọgbọ́n tí àwa ń dá ni èyí tí a dá nígbà àwọn ìwé ìtàn Pacesetters. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní bọ́dìnnì láyé ìgbà yẹn, ẹ rántí? Ìwé kan ṣoṣo ló máa ń wà ní dọ́míítìrì, wọ́n á ya á sọ́nà mẹ́ta. Ẹni tó ní ìparí lọ́wọ́ á ti mọ ẹni tó kú, á wá máa fi ẹ̀rín múṣẹ́ kiri. Mo ya *Akata Witch* sí méjì báyìí léṣìí, mo fi tépù dì í. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé rí i, díẹ̀ ló kù kó dákú.

* * *

Ẹ jẹ́ ká dé orí *Akata Witch* náà. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́: ẹ má rà á lẹ́ẹ̀mejì bíi tèmi. 2011 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Cassava Republic tẹ̀ ẹ́ fún wa níbí, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí *What Sunny Saw in the Flames*. Èkejì ẹ̀, *Akata Warrior*, di *Sunny and the Mysteries of Osisi*. Ìwé kan náà ni wọ́n. Èmi rò pé ìwé mẹ́rin ni mo ní, àṣé méjì ni.

Sunny jẹ́ ọmọ ọdún 12, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, Aba ló ń gbé báyìí, ọmọ Ígbò ni, àfín sì ni. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n oòrùn ò jẹ́ kó gbá a lọ́sàn-án. Ó wá rí i pé òun wà lára àwọn èèyàn kan tó ní oògùn. Ohun tó dùn mọ́ àwọn ọmọ wa jù ni owó ibẹ̀: bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nǹkan tuntun, owó á já bọ́ síwájú rẹ láti òkè. Ìmọ̀ ló ń sanwó. Ọmọ ọdún 12 tiwa ní irú Nàìjíríà yẹn lòun fẹ́.

Ẹnì kan béèrè pé ṣé "akátá" kì í ṣe èébú ni. Ó ń di èébú lẹ́nu wa tí a bá ń fi pe àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, òótọ́ ni, ìwé náà ò sì fi bò: wọ́n fi orúkọ yẹn bú Sunny fúnra ẹ̀. Àwọn ọmọ yìí jiyàn lé e lórí fún wákàtí kan. Èyí tó ní ìbátan ní Houston ní wọ́n máa ń sọ ọ́ nílé àwọn bí ẹni ń ṣeré. Kò sọ ohun tó gbẹ̀yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ojú ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mú ọ̀kan ṣoṣo fún ọmọ tí kì í kàwé, èyí ni. Orí kọ̀ọ̀kan kúrú. Ẹ̀rù sì wà nínú ẹ̀, ẹnì kan ń jí ọmọdé gbé. Ẹ má kà á lálẹ́ bí iná bá lọ.

* * *

*Ace of Spades*. Mo ṣèlérí pé mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ọmọ wa ni Faridah, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí. Ọmọ yunifásítì ni nígbà tó ń kọ ọ́, ó jáde ní 2021. Ilé ìwé àwọn olówó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ dúdú méjì péré ló wà ní kíláàsì tó ga jù, Devon àti Chiamaka. Ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣírí wọn ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo ilé ìwé. Ṣé ẹ ní fóònù lọmọ yín ń wò? Ẹ fún un ní ìwé tí fóònù ti jẹ́ ejò.

Wàhálà ẹ̀ rèé: Devon fẹ́ràn ọkùnrin bíi tiẹ̀, ìwé náà ò sì sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Mo sọ fún òbí gbogbo wọn ká tó bẹ̀rẹ̀. Òbí méjì ní kí ọmọ wọn jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo ní kò burú. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú mi pé mo fi ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú ọmọdé, òbí ni mo kọ́kọ́ fi síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú àwọn òbí méjì yẹn pé ojú wọn dúdú, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa pàdé wọn lọ́jà Bódìjà. Ó tán.

Ìjà tí àwọn mẹ́rin tó kù jà ò tilẹ̀ kan Devon. Orúkọ ni. Chiamaka Adebayo! Orúkọ Ígbò, àpèlé Yorùbá. Ọ̀kan ní ẹni tó bá fi orúkọ yẹn kọ fọ́ọ̀mù níbí, wọ́n á ní ìpínlẹ̀ wo lo ti wá gan-an. Ọ̀kan ní ìyá òun gan-an nìyẹn, Ígbò ló fẹ́ Yorùbá, ẹ dákẹ́. Wọ́n dákẹ́.

* * *

A ò tíì mẹ́nu ba Adùnní, ìbínú tó wà nínú èsì yín lórí ẹ̀ sì pọ̀. *The Girl with the Louding Voice*, Abi Daré, 2020. Wọn kì í tò ó mọ́ ìwé ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 14 ló ń sọ ìtàn náà. Bàbá ẹ̀ fà á fún Mórúfù, ó di ìyàwó kẹta nítorí owó ilé. Lẹ́yìn náà ó di ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó. Kó ṣáà lọ sílé ìwé ni ẹ̀bẹ̀ ẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì tó ti fọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Apá kan yín ní ó wuni, pé ohùn ẹ̀ dá yàtọ̀. Apá kejì ní àbùkù ni: ọmọ Ìkàtì tó ń ronú lédè Yorùbá, kí ló dé tí èrò inú ẹ̀ fi ń kọsẹ̀? Ní abúlé ẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọsẹ̀ nínú èdè ara ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ apá kejì ni mo wà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 kan ló jẹ́ kí n mọ ìdí ẹ̀ gan-an. Ó mú ojú ìwé kan lọ sílé, ó yí i sí Yorùbá. Ó kà á fún wa lọ́sẹ̀ kejì. Adùnní tó ń ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ rárá wá di ẹni tí ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ. Ẹ̀bẹ̀ tó bẹ bàbá ẹ̀, tó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lédè Òyìnbó, di ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ bàbá tó lè gbọ́ ọ kó má sunkún. Ìtàn yẹn ò yí padà o, ọmọ náà ló yí padà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé ta ni wọ́n kọ ìwé yìí fún. Síbẹ̀, kò sí ìwé tí wọ́n sunkún lé lórí bí èyí. Ìyà inú ẹ̀ pọ̀, ọkọ tó fipá bá ọmọdé lò wà níbẹ̀, obìnrin kan kú nínú oyún. Kí ìyá kọ́kọ́ kà á, tàbí kí ẹ jọ kà á. Ẹ má rà á bí ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí.

* * *

Ẹni tó béèrè pé "ṣé kò sí ti Yorùbá ni?": ó wà. *Ó Le Kú*, Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1974. Àjàní ti fẹ́ jáde ní yunifásítì Ìbàdàn, ó ń wá ìyàwó, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí èyí kì í bá ṣe ìwé ọ̀dọ́, kí ni? Yorùbá inú ẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń tàkúrọ̀sọ, kò dà bí ti Fágúnwà tí gbólóhùn kan lè gba ìdajì ojú ìwé. Òun ni ìwé karùn-ún tí a parí, òun ló sì yára jù.

Ẹ̀rù bà mí pé àmì ohùn máa dà wọ́n láàmú. Mo ka orí kìíní sí wọn létí, wọ́n gba ìyókù lọ́wọ́ mi. Bàbá kan kọ ọ́ síbí pé ìwé náà ti gbó, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní mọ irú ayé yẹn. Ẹ̀yin bàbá, wọ́n mọ̀ ọ́n ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Àwọn ọmọbìnrin bínú sí Àjàní bí ẹni pé àdúgbò wa ló ń gbé. Wọ́n ní kí Àṣàkẹ́ ti bílọ́ọ̀kì ẹ̀ láti orí kejì. Àwọn ọmọkùnrin ní àánú ẹ̀ ń ṣe wọ́n. Ọjọ́ yẹn ni mo lé wọn sílé nítorí ariwo, àwọn aládùúgbò ti ń yọjú.

Lẹ́yìn náà ni mo fi fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997 hàn wọ́n. Ẹ má kọ́kọ́ fi fíìmù hàn wọ́n o. Bí wọ́n bá ti mọ ojú Àjàní, wọn ò ní bá yín ka nǹkan kan.

* * *

Ìyá ọmọ padà wá

Àǹtí, ẹ ṣeun. Mo yá *Skin of the Sea* ní ilé ìkàwé. Nígbà tí mo fẹ́ lọ gbé *Ace of Spades* sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mo bá ẹ̀dà kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ti yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ nílé ìwé láti oṣù tó kọjá, òun rò pé a ò ní fẹ́ kóun kà á ni. Bàbá ẹ̀ ló gba *Skin of the Sea*, ó ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ó ti dé ojú ìwé 140. Ọmọ ń bínú, ó ní ìwé òun ni. Ṣé ẹ lè bá mi fi *Ó Le Kú* ránṣẹ́?

* * *

Ẹ fún ọkọ yín ní ọjọ́ mẹ́ta sí i. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa Olókun, ẹ sọ fún un pé ọmọ ọdún 17 kan n'Íbàdàn ń wá ẹni tó máa gbè é.

Mi ò lè fi *Ó Le Kú* tèmi ránṣẹ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni, ojú ìwé mẹ́ta ti já nínú ẹ̀, ọwọ́ ọmọ Ìlọrin ló sì wà. Mo béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó ní òun ò tíì bínú sí Àjàní tán.